John Lennon: olórin pop ni, àbí olórin rock?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nínú kíláàsì mi nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ní olórin pop ni John Lennon. Èkejì ní irọ́ ni, olórin rock ni. Ẹni tó ní rock yìí ló ń bínú jù, bí ẹni pé wọ́n bú bàbá rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, mo wá bi wọ́n pé kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ dákẹ́. Èkejì ní olórin rock ń sọ òótọ́ inú rẹ̀, olórin pop ń wá owó. Ẹ̀rín pa mí. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò gbọ́n o. Ohun tó sọ yẹn, odidi ìran kan ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á gbọ́, Lennon fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó mú kí wọ́n gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lennon bẹ̀rẹ̀ orin, kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn. Ìtàn ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí pé ìgbà ayé rẹ̀ ni ìtumọ̀ wọn yí padà.

Ìlú Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1940, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́. Èbúté ńlá ni Liverpool. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ á mọ ohun tí mò ń wí: láyé òwò ẹrú, Liverpool wà lára àwọn ìlú tí ọkọ̀ wọn máa ń wá sí etíkun wa wá kó èèyàn. Bàbá John, Alfred, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, kì í sábà sí nílé. Julia, ìyá rẹ̀, fẹ́ràn orin àti àwàdà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Mimi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló gbà á tọ́. Obìnrin tó le ni Mimi, ẹni tó fẹ́ràn ìwé àti ìmọ́tótó. Ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé tálákà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé John wá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ òṣìṣẹ́ nígbà tó yá. Julia ò gbé jìnnà sí wọn. John máa ń lọ kí i, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta bánjò. Ní oṣù keje ọdún 1958, Julia ń kúrò nílé Mimi lálẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kan gbá a pa. Ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló ń wa ọkọ̀ ọ̀hún. Ọmọ ọdún 17 ni John. Ọgbẹ́ yẹn ò jinná, ẹ ó tún bá a pàdé níwájú.

Kí ìyá rẹ̀ tó kú ni orin rock and roll ti dé láti Amẹ́ríkà. Ẹ dákun, rock ibí yìí kì í ṣe àpáta o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mímì ni, kí ara máa mì síwá sẹ́yìn, kí ó sì máa yí. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń lo ọ̀rọ̀ náà nínú orin wọn tipẹ́, fún ijó, àti fún ohun tí tọkọtaya ń ṣe nínú yàrá. Chuck Berry, Little Richard, Fats Domino, Bo Diddley, dúdú ni gbogbo wọn. Elvis Presley, òyìnbó láti gúúsù Amẹ́ríkà, ló wá gbé e dé etí àwọn ọmọ òyìnbó káàkiri ayé. Pop ní tirẹ̀ ò ju gígékúrú ọ̀rọ̀ kan lọ, ìyẹn populaire lédè Faransé: orin tí gbogbo ayé ń gbọ́. Inú pop ni rock and roll wà, bí iyán ṣe wà nínú oúnjẹ. Ṣé ẹnì kan á sọ pé iyán lòun jẹ, òun ò jẹun?

John gbọ́ Elvis, orí rẹ̀ yí. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ 6 oṣù keje ọdún 1957, wọ́n ń ṣeré níbi àríyá ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò wọn, ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọ ọdún 15 kan tó mọ gìtá ta jù ú lọ. Paul McCartney lorúkọ rẹ̀. Paul mú George Harrison wá. Ní ọdún 1960, wọ́n di The Beatles, wọ́n sì gba Jámánì lọ, sí Hamburg, ládùúgbò àwọn atukọ̀ àti àwọn aṣẹ́wó. Ẹ̀yìn sinimá kan ni wọ́n sùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́. Wákàtí bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń kọrin lálaalẹ́ láìjókòó, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ lọ́rùn. Orin Chuck Berry àti ti Little Richard ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ. Ní ọdún 1962, wọ́n tiẹ̀ bá Little Richard fúnra rẹ̀ ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan náà ní Hamburg.

Ẹni tó sọ wọ́n di ìràwọ̀ ni Brian Epstein. Àwo orin ló ń tà ní Liverpool. Ó rí wọn ní ìparí ọdún 1961, ó sì gbà láti máa bójú tó wọn. Ó bọ́ awọ kúrò lọ́rùn wọn, ó wọ̀ wọ́n ní kóòtù àti táì. Kò fẹ́ kí wọ́n máa jẹun tàbí kí wọ́n máa bú èébú lórí ìtàgé mọ́. Bí orin bá parí, kí gbogbo wọn tẹrí ba pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Decca gbọ́ wọn, ó ní òun ò fẹ́. EMI gbà wọ́n, George Martin sì di ọ̀gá tó ń tọ́jú orin wọn. Ringo Starr dé sídìí ìlù. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1962.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, John ti gbé Cynthia Powell níyàwó, torí pé obìnrin náà ti lóyún. Wọ́n fi ìgbéyàwó náà pa mọ́. Ìràwọ̀ pop gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ gbogbo ọmọbìnrin, bí ìyàwó bá yọjú, ọjà bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ wo Cynthia tó ń gbé oyún kiri bí ẹni tó jí nǹkan. Wọ́n bí Julian ní oṣù kẹrin ọdún 1963, bàbá rẹ̀ ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nílé láti rí i, bí Alfred ò ṣe sí nílé láti rí òun náà.

Ọdún 1963 yẹn lariwo bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, àwọn ọ̀dọ́ ti ń tẹ̀ lé Johnny Hallyday, tí òun náà ń ṣe bí Elvis. Lẹ́yìn tí èrò rẹpẹtẹ kóra jọ sí Place de la Nation ní Paris ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọ̀mọ̀wé kan, Edgar Morin, kọ̀wé nípa wọn nínú ìwé ìròyìn Le Monde, ó sì sọ wọ́n lórúkọ: yéyé. Láti inú yeah yeah tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pariwo nínú orin ló ti yọ ọ́. Létí ọmọ Yorùbá, orúkọ yẹn pa èèyàn lẹ́rìn-ín, torí yẹ̀yẹ́ ni, ẹ̀sín ni. Ó sì kúkú ní ẹ̀sín díẹ̀ nínú lóòótọ́, torí àwọn àgbà ìgbà náà rò pé eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, The Beatles wá sí Olympia ní Paris. Sylvie Vartan wà lára àwọn tí wọ́n jọ kọrin. Paris ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé orin wọn ti gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ 9 oṣù kejì, wọ́n yọ lórí télé Amẹ́ríkà, èèyàn bíi mílíọ̀nù 73 ló sì wò wọ́n. Ní ọdún 1965, wọ́n kọrin ní pápá ìṣeré Shea ní New York níwájú èèyàn tó lé ní 55,000. Igbe àwọn ọmọbìnrin pọ̀ débi pé àwọn olórin ò gbọ́ ohùn ara wọn. John ti ń rẹ̀. Ó rò pé àwọn lè dúró síbẹ̀ kí àwọn má kọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kan tó bá akọ̀ròyìn sọ ní ọdún 1966, ó ní àwọn lókìkí ju Jésù lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n dáná sun àwo wọn. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n kọrin ní San Francisco, wọn ò sì gba owó wọlé ní gbangba pọ̀ mọ́ títí ẹgbẹ́ fi tú.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n ti ara wọn mọ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ó tó bíi oṣù márùn-ún tí wọ́n fi ṣe Sgt. Pepper, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1967. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sẹ́yìn páálí àwo náà kí èèyàn lè máa kà á bí ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí kì í gbọ́ orin ọ̀dọ́ tẹ́lẹ̀ jókòó tì í. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ yunifásítì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nítorí orin yìí: Crawdaddy ní ọdún 1966, Rolling Stone ní oṣù kọkànlá ọdún 1967. Àwòrán ta ni Rolling Stone kọ́kọ́ gbé síwájú? Ti John Lennon ni, nínú aṣọ sójà tó wọ̀ nínú fíìmù kan.

Àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ya orin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún sọ́tọ̀ kúrò lára orin tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín. Wọ́n gé roll kúrò, ó ku rock. Rock di ti àwo ńlá, 33 tours, ti ẹni tó ń kọ orin ara rẹ̀, ti ẹni tó ní nǹkan sọ. Pop di ti àwo kékeré, 45 tours, ti télé, ti àwọn ọmọbìnrin tó ń pariwo. Wọ́n máa ń tọ́ka sí The Monkees, ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò télé kó jọ ní ọdún 1966, tí àwọn ẹlòmíì sì ń bá ta gìtá nínú àwo wọn àkọ́kọ́.

Èmi ò fara mọ́ ìpín yẹn tán, ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín yìí ló fi owó wọn ra àwo tó gbé The Beatles dókè. Àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin tó ní pẹ́ẹ̀nì dé, ni orin náà di ọgbọ́n. Èkejì ló dùn mí jù. Orin tí àwọn dúdú dá sílẹ̀ yìí, ìgbà tó di rock, tó di ohun ọ̀wọ̀, ojú òyìnbó nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn olórin dúdú ìgbà náà, soul ni wọ́n pè wọ́n, wọ́n fi wọ́n sí yàrá mìíràn. Yàtọ̀ sí Jimi Hendrix, díẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó jókòó nídìí tábìlì náà. Nígbà tí Paul McCartney wá sí Èkó ní ọdún 1973 láti wá gba orin sílẹ̀, Fela fura sí i pé ó wá jí orin Áfíríkà ni, àfi ìgbà tí Paul gbé ohun tó ti ṣe fún un gbọ́. Àwọn kan ní Fela ṣàṣejù. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ John. Ó gba ìpín náà gbọ́ tọkàntọkàn, ó sì fẹ́ wà níhà rock. Ó ti pàdé Yoko Ono, ayàwòrán ọmọ Japan, ní ọdún 1966. Ó fi Cynthia àti Julian sílẹ̀, ó fẹ́ Yoko ní oṣù kẹta ọdún 1969. Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì ní Amsterdam àti ní Montréal, wọ́n pe àwọn oníròyìn, wọ́n ní kí ogun dópin. Àwọn kan ní wèrè ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, torí ó kàn wá. Ní ọdún 1965, ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún wọn ní oyè MBE. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, John dá ti rẹ̀ padà pẹ̀lú lẹ́tà. Ìdí mẹ́ta ló kọ síbẹ̀: ọwọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ogun Nàìjíríà àti Biafra, àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Amẹ́ríkà ní Vietnam, àti pé àwo rẹ̀ tuntun, Cold Turkey, ń já wálẹ̀ lórí àtẹ orin.

Ọdún yẹn kan náà, láti Kútọnu níbí, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey, ni ọkọ̀ òfuurufú Croix-Rouge ti ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Biafra. Àwọn àgbà wa rántí. Fún ẹni tó bá rántí àwòrán àwọn ọmọ yẹn, ìdí kẹta tí John kọ á bí i nínú. Ó bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú nígbà náà. Ó ṣe é bí àwàdà. Ṣùgbọ́n mo ti ronú sí i gan-an: nínú lẹ́tà kékeré kan, ẹni tó fẹ́ fi òkìkí rẹ̀ gbèjà ẹ̀mí àti ẹni tó ń wo ipò àwo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ní rock ni ń sọ òótọ́, pop ń wá owó, èwo ni yóò mú níbẹ̀?

Ní ọdún 1970, gbogbo ayé mọ̀ pé The Beatles ti tú. Ní ìparí ọdún náà, John gbé àwo kan jáde pẹ̀lú gìtá, ìlù, dùùrù, kò sí ọ̀ṣọ́. Ó ké sí Julia tó ti kú àti Alfred tó fi í sílẹ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó to gbogbo ohun tí kò gbà gbọ́ mọ́, ó sì fi The Beatles kún un. Ní àsìkò yẹn, ó bá Rolling Stone sọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní ìgbà Hamburg làwọn dára jù, pé ìgbà tí Epstein wọ àwọn ní kóòtù làwọn ti ta ara àwọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ka ọ̀rọ̀ yẹn bí ìwé mímọ́. Láti ibẹ̀ ni òye akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ṣàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tí ì bí òbí rẹ̀ nígbà náà.

Àmọ́ àwo rock yẹn ò tà tó bó ṣe fẹ́. Ní ọdún 1971, ó ṣe Imagine. Ohun tó sọ níbẹ̀ le: ayé láìsí ààlà, láìsí ohun ìní, láìsí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n dùùrù rẹ̀ rọra ń lọ, Òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé òun fi ṣúgà bò ó ni. Gbogbo ayé gbé e mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ eré Olympique ti Paris lórí télé ní ọdún 2024 ti gbọ́ ọ, Juliette Armanet ló kọ ọ́ lórí odò Seine, nínú òjò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù tó ń jó lala.

Ọdún 1971 náà ló kó lọ sí New York. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ lé e jáde, torí ó ń ta ko ogun Vietnam. Ó bá wọn ṣẹjọ́ títí di oṣù keje ọdún 1976 kó tó gba ìwé ìgbélùú. Ẹjọ́ mìíràn tún wà tí mi ò lè fò. Orin rẹ̀ kan, Come Together, jọ orin Chuck Berry kan, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ orin náà sì pè é lẹ́jọ́. Kì í ṣe Chuck Berry o, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Morris Levy ni. Wọ́n parí rẹ̀ pé kí John kọ àwọn orin tí Levy ni ẹ̀tọ́ wọn. Àwo tó jáde ní ọdún 1975 nìyẹn, Rock 'n' Roll ló sọ ọ́, ó kó àwọn orin Chuck Berry àti Little Richard tó ń kọ ní Hamburg sínú rẹ̀, roll sì ti padà sẹ́yìn rock. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1972, òun àti Chuck Berry ti jọ kọrin lórí télé. Ẹ wá wò ó: ojú John ń tàn bí ojú ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1974, orin tí òun àti Elton John jọ kọ, èyí tó dùn mọ́ni lára láti jó, gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Kò bínú pé pop ni.

Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ ní ọdún 1975, Yoko bí Sean. John gbé gìtá kọ́, ó jókòó sílé ọdún márùn-ún. Ó ń tọ́ ọmọ, ó ń ṣe búrẹ́dì, Yoko ń bójú tó owó. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun ti lu obìnrin rí nígbà èwe òun, ojú sì ń ti òun. Ohun tí kò ṣe fún Julian ló ń ṣe fún Sean. Julian mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, òun àti Yoko gbé Double Fantasy jáde, orin ìyàwó, ọkọ àti ọmọ. Àwọn akọ̀wé rock kan ní ó ti rọ̀ jù. Lọ́jọ́ 8 oṣù kejìlá, níwájú ilé rẹ̀ ní New York, olólùfẹ́ orin rẹ̀ kan gbé àwo náà wá, John sì fọwọ́ sí i fún un. Nígbà tó padà dé lálẹ́, ẹni náà ṣì ń dúró dè é, pẹ̀lú ìbọn. Ọmọ 40 ọdún ni John.

Kò sí ìsìnkú. Yoko kàn bẹ ayé pé kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá. Èrò kún Central Park ní New York. Nígbà tí àkókò tó, àwọn ilé-iṣẹ́ rádíò ìlú náà, ti pop àti ti rock, pa orin.